Ẹ̀gbọ́n Oníkúpéè, Ẹ Jọ̀ọ́, Ẹ Jókòó

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, ọmọ Elékọ̀lé,

Ẹ kú ìjókòó o. Ó yẹ kí n yí ìkíni yẹn padà, torí ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ gan-an ni pé ẹ ò tíì jókòó. Mọ́tò ti parí. Ẹ́ńjìnnì ń dún geerege, ọ̀dà ara rẹ̀ ń dán débi pé àwọn ọmọ iléèwé ń dúró wo eyín ara wọn nínú rẹ̀, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tuntun ni. Ṣùgbọ́n kí èèyàn ṣílẹ̀kùn báyìí, irin, bóòtù àti ilẹ̀ mọ́tò lásán ló máa bá pàdé, pẹ̀lú àpótí ìdáná kan ṣoṣo níbi tó yẹ kí awakọ̀ wà. Wọ́n ní orí àpótí yẹn lẹ ń jókòó lé tí ẹ fi ń wa mọ́tò yípo ọgbà yín láàárọ̀. Wọ́n tún ní ìyàwó yín ti ń fi ìdúró gún iyán láti ìgbà tí àpótí ti di awakọ̀.

Ẹ má bínú pé ojú gbangba ni mo ti ń bá yín sọ ọ́. Mo pè yín lórí fóònù, ẹ ní ẹ ṣì ń wo fọ́tò síìtì lọ́wọ́. Mo rán àbúrò wa obìnrin sí yín, fọ́tò síìtì náà lẹ fi ṣe é lálejò. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tiyín ti tutù, ó ti dì, ó ku díẹ̀ kó kan. Àwọn òǹkàwé ni mo wá gbé ẹjọ́ yín fún.

Kí wọ́n lè dá a bó ṣe yẹ, wọ́n ní láti mọ irú mọ́tò tó wà nílẹ̀. Pijó 504 tí gbogbo Èkìtì mọ̀, ilẹ̀kùn mẹ́rin ló ní. Kàdúná ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní oṣù Kẹta ọdún 1975. Nígbà ìjọba ológun Ọbásanjọ́, tí wọ́n ní kí àwọn ọ̀gá ìjọba yé fi mọ́tò ńlá ṣe fújà, 504 ni wọ́n kó wọn sí. Stéṣọ̀n wágọ̀n rẹ̀, tó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta, ló kó àwọn èèyàn Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó lọ sí Ìbàdàn, sí Èkó, sí Kàdúná gan-an, tí orúnkún ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá sì ń bá àgbọ̀n rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ta ni kò mọ Pijó lọ́dọ̀ wa?

Tiyín yàtọ̀. Kúpéè ni, ilẹ̀kùn méjì ló ní. Pininfarina, ní ìlú Turin ní Ítálì, ló ya àwòrán rẹ̀, wọ́n fi han aráyé ní Geneva lọ́dún 1969. Turin ni wọ́n ti ń kan bọ́dì rẹ̀, wọ́n á wá kó o lọ sí Sochaux ní ilẹ̀ Faransé láti lọ gbé ẹ́ńjìnnì sí i. Ní 1974 wọ́n fún un ní ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà. Ní 1978, kúpéè onísílíńdà mẹ́fà yìí ni Jean-Pierre Nicolas wa tó fi gba ipò kìíní nínú eré ìje Safari ní Kẹ́ńyà, kí ọdún náà sì tó parí ó tún fi gba ti Bandama ní Ivory Coast. Láti ọjọ́ tí ẹ ti ka ìtàn yẹn ni ara yín ò ti balẹ̀ mọ́. Ẹ ti gbàgbé pé Nicolas kò sí nínú mọ́tò yẹn nígbà tí ẹ rà á. Adìẹ ló wà níbẹ̀, ó sì ń sàba.

Ìdí nìyí tí síìtì tó bá a wá fi bàjẹ́. Eku ti jẹ fóòmù, òjò ti wọlé láti ojú fèrèsé, aṣọ rẹ̀ ti gbó kọjá aṣọ. Títú tí ẹ tú wọn sílẹ̀, iṣẹ́ ọgbọ́n ni. Jíjù tí ẹ fẹ́ ju férémù wọn nù ni mo wá bá yín jà sí, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo síìtì eré ìje tí ẹ ti san àsansílẹ̀ owó lé lórí. Recaro, pupa fòò, ẹ̀yìn rẹ̀ líle, kò ṣeé tẹ̀, kò ṣeé dá sẹ́yìn. Mi ò bá Recaro jà. Iléeṣẹ́ Reutter ní Stuttgart, tó máa ń kan bọ́dì Porsche 356, ni ó ti jáde wá; nígbà tí Porsche ra apá tó ń kan bọ́dì lọ́wọ́ wọn ní 1963, wọ́n gbájú mọ́ síìtì ṣíṣe, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì dára. Ẹni tó ń fi eré burúkú yí kọ́nà nínú eruku Kẹ́ńyà nílò síìtì tó máa gbá a mú níhà méjèèjì kó má baà já bọ́ lára sítíárìn. Ẹ̀yin ńkọ́? Láti Ìkọ̀lé ẹ máa kọjá ní Ìjẹ̀ṣà-Ìsù, ẹ máa kọjá ní Ìtapá, ẹ máa yà ní Ọ̀yẹ́ kí ẹ kí àwọn àna yín, ẹ ó gba Ìfàkì, ẹ ó dé Ìdó kí dókítà ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tún ẹ̀yìn yín wò. Ẹ̀yìn yín, ẹ̀gbọ́n. Èyí tó ń dùn yín láti ọdún tí ẹ ti fẹ̀yìn tì. Ẹ fẹ́ gbé ẹ̀yìn tó ń lọ rí dókítà lé orí síìtì tí kò ní sípíríǹgì, tí fóòmù rẹ̀ fẹ́lẹ́, kí gbogbo kòtò ojú ọ̀nà máa kí eegun yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Dókítà á rò pé oko lẹ ti ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ ikùn náà wà níbẹ̀. Kí Ọlọ́run má gba ikùn yẹn lọ́wọ́ yín; iyán ló kọ́ ọ, ó sì ti pẹ́ tó ti ń kọ́ ọ. Ẹ̀gbẹ́ síìtì yẹn ga, ara ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ aṣọ eré ìje ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ẹ fẹ́ fi àgbádá wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé tí òde ìgbéyàwó wà ní Ayédé. Ẹ wọlé ná, ká gbà bẹ́ẹ̀. Báwo lẹ ṣe máa jáde? Mo ti ń fojú inú rí àwọn ọmọ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ Ọ̀yẹ́, àwọn tó wà ní ọgbà ti Ìkọ̀lé níbẹ̀ yẹn, tí wọ́n yọ fóònù síta, tí wọ́n ń ká a sílẹ̀ bí ọkùnrin mẹ́rin ṣe ń fa àgbàlagbà kan jáde láti inú mọ́tò pupa.

Ẹ jẹ́ kí n fi àwàdà sílẹ̀ díẹ̀. Irú síìtì bẹ́ẹ̀, bẹ́líìtì tó ń di èjìká méjèèjì àti ìbàdí mọ́lẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, mọ́tò tí wọ́n sì ń so irú bẹ́líìtì bẹ́ẹ̀ sí máa ń ní irin tí wọ́n fi gbé òrùlé ró láti inú. Mọ́tò yín kò ní irin yẹn. Bí ó bá dojú dé, tí òrùlé tẹ̀ wálẹ̀, bẹ́líìtì máa dè yín ní ìdúróṣánṣán sábẹ́ rẹ̀, ẹ ò ní lè tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, tí Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága wọn àkọ́kọ́, ń bẹ̀ wá pé ká de bẹ́líìtì. Wọn ò sọ pé ká sọ ara wa di ẹrù.

Ìdí tó tún burú ju èyí lọ ni ilẹ̀kùn. Méjì péré ló wà, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ jókòó lẹ́yìn, síìtì iwájú ló gbọ́dọ̀ dojú bolẹ̀ kó tó lè wọlé. Síìtì eré ìje tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò ṣeé tẹ̀, kì í dojú bolẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ni pé ìjókòó méjì tí Pininfarina fi sẹ́yìn ti di ilé adìẹ títí ayé. Ẹ ti ṣèlérí fún ìyá wa pé ẹ máa gbé wọn yí ìlú ká lọ́jọ́ tí mọ́tò bá parí. Ṣé ojú fèrèsé lẹ máa gbà kó wọn wọlé?

Nígbà tí mo sọ èyí fún yín lóṣù tó kọjá, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ẹ ti rí síìtì 504 salúùnù ní abúlé mẹkáníìkì, pé Pijó ni Pijó ń jẹ́. Òótọ́ ni pé ó pọ̀ níbẹ̀. Faransé dáwọ́ salúùnù dúró ní 1983, Kàdúná kò dáwọ́ dúró, wọ́n ń tò ó lọ títí ó fi wọ ọ̀rúndún yìí, nítorí náà síìtì rẹ̀ kún gbogbo abúlé mẹkáníìkì láti Adó dé Òmùò. Síìtì náà sì tu èèyàn lára. Ó wà lára ohun tí Pijó fi gba ọkàn àwọn awakọ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n salúùnù ni wọ́n ṣe é fún. Òrùlé kúpéè fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá rẹlẹ̀ ju ti salúùnù lọ. Ẹ wá gbé síìtì gíga sínú ilé kúkúrú, ẹ̀yin tí ẹ ga tó báyìí, tí ẹ kì í sì í bọ́ fìlà. Àárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn náà fi sẹ̀ǹtímítà mọ́kàndínlógún kúrú sí ti salúùnù, bí síìtì yẹn bá sì ti sún sẹ́yìn dé ibi tí ẹsẹ̀ yín ti máa gbádùn, ẹni ẹ̀yìn ti di àkàrà. Ẹ̀yìn síìtì salúùnù máa ń tẹ̀ sẹ́yìn kí awakọ̀ sùn díẹ̀, kò sí ìdí kankan tó fi máa tẹ̀ síwájú kí èrò wọlé, torí ilẹ̀kùn tiwọn wà lẹ́yìn níbẹ̀. A tún padà síbi ọ̀rọ̀ ìyá wa.

Ti síìtì tòkunbọ̀ tí ọmọ ọjà Ládípọ̀ ní Èkó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, èyí tó ń fi iná sún síwá-sẹ́yìn, tó tún ń gbóná fún ìdí, n kò ní fi àkókò ṣòfò lé e lórí. Ìdí ta ló ń tutù ní Ìkọ̀lé? Nínú ẹ̀gbẹ́ irú síìtì bẹ́ẹ̀ ni báàgì tó máa ń wú nígbà ìjàǹbá sábà máa ń wà, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ìgbà tó máa pinnu láti wú bí ríwáyà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà rẹ̀ kan wáyà 1974. Ẹ pa fọ́tò yẹn rẹ́.

Ó wá ku férémù tí ẹ fẹ́ jù nù. Ìka tó bá tọ́ sí imú là á fi í romú. Férémù yẹn ni wọ́n wọ̀n fún òrùlé yẹn, fún ilẹ̀kùn yẹn, fún sítíárìn yẹn. Ihò bóòtù rẹ̀ àti ti ilẹ̀ mọ́tò bára mu láìsí pé wẹ́dà jó ohunkóhun mọ́ ohunkóhun, ẹ sì mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́tò yín ti ní àlẹ̀mọ́ tó pọ̀ tó. Síìtì tí wọ́n jó mọ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọjọ́ tí mọ́tò bá kọlu nǹkan ló máa tú gẹ́gẹ́ bó ṣe wà, tòun ti ẹni tó jókòó lé e. Férémù àtijọ́ ń dojú bolẹ̀ fún ẹni ẹ̀yìn. Ìpẹtà tó wà lára rẹ̀ kò ju ohun tí ẹ lè fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha kúrò, kí ẹ fi ọ̀dà kùn ún. Bí sípíríǹgì mélòó kan bá já, ẹni tó ń ṣe àga pálọ̀ lè fi tuntun rọ́pò rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

Fóòmù ni kí ẹ náwó lé lórí. Mo mọ̀ yín. Ẹ máa wò ó pé mátíràsì àtijọ́ kan wà ní yàrá àlejò, ẹ ó sì mú ọ̀bẹ. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Fóòmù mátíràsì rírọ̀ máa dùn lọ́jọ́ kìíní, kò ní pẹ́ kó tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ìdí yín sì bá irin pàdé. Àwọn iléeṣẹ́ fóòmù ilẹ̀ wa, Vitafoam tó ti wà láti 1962 wà lára wọn, ń ṣe èyí tó le àti èyí tó rọ̀. Èyí tó le ni kó wà nísàlẹ̀, kó gbé yín ró. Èyí tó rọ̀ díẹ̀ ni kó wà lókè, kó tù yín lára. Kí wọ́n tó rán nǹkankan bò ó, ẹ gbé e sínú mọ́tò, ẹ jókòó lé e pẹ̀lú fìlà yín lórí. Ẹ di ẹ̀ṣẹ́, kí ẹ wò ó bóyá ó gba àárín fìlà àti àjà. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ délẹ̀. Bí orúnkún bá kan sítíárìn, síìtì ga jù, bí ẹsẹ̀ bá nà gbọọrọ kó tó dé ìsàlẹ̀, ó jìnnà jù. Ìka méjì gbọ́dọ̀ gba àárín ẹ̀yìn orúnkún àti etí síìtì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ á kú tipiri kí ẹ tó dé Ọ̀yẹ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ jẹ́ kí ìyá wa wọ ẹ̀yìn. Ohun tí wọ́n bá sọ ni abẹ gé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi jù ni ohun tí a máa fi bò ó. Ẹ ń wá awọ Ítálì kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ń béèrè iye owó ọkọ̀ òfúrufú rẹ̀. Awọ ewúrẹ́ pupa Sókótó àti Kánò ni àwọn oníṣòwò ń gbé gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó bọ́ sójú ọjà Yúróòpù, tí wọ́n sì ń pè é ní awọ Mòrókò torí ẹnu ibodè tó gbà jáde. Ìwé olówó iyebíye ni wọ́n fi í bò lọ́hùn-ún. Níhìn-ín, ẹ mọ àwọn oníṣọ̀nà awọ ní ìlú Ọ̀yọ́, àwọn tó ń ṣe tìmùtìmù tí àwọn ọba ń gbé ẹsẹ̀ lé. Kí ni tìmùtìmù bí kì í bá ṣe ìjókòó? Àwọn tó ti ń rán awọ yí ohun rírọ̀ ká láti ìran dé ìran, wọ́n wà ní ìrìn ọjọ́ kan sí yín, ẹ ń wo Ítálì.

Ohun méjì péré ni kí ẹ kíyè sí. Awọ ewúrẹ́ fẹ́lẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ṣe ibi ìgbórílé àti ẹ̀yìn síìtì, níbi tí wọ́n ti lè ṣe ọnà sí i. Ẹ̀gbẹ́ síìtì awakọ̀, tí ìdí máa ń ha nígbà tí a bá ń wọlé tí a bá ń jáde, ẹ ní kí wọ́n fi awọ màlúù ṣe é. Èkejì, pupa àtijọ́ tí wọ́n ń yọ lára pòròpórò okà bàbà lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n òógùn á tú u. Ẹ ò fẹ́ dé òde ní Ayédé pẹ̀lú ìdí àgbádá funfun tó ti di pupa, kí àwọn èèyàn wá máa béèrè ohun tó ṣe yín.

Àárín síìtì, ibi tí ara ń fara tì gan-an, mo ní kí ẹ má fi awọ kankan síbẹ̀ rárá. Mọ́tò tó wà nínú oòrùn ọ̀sán ní ọjà, awọ rẹ̀ ń jó itan. Kíjìpá ni kí ẹ fi síbẹ̀. Ẹ dẹ́kun ẹ̀rín. Àwọn ìyá wa ní apá ọ̀dọ̀ wa yìí, títí dé Ìjùmú àti Kàbbà, ni wọ́n ń hun ún lórí òfì ìdúró, òwú tó ki, aṣọ tí wọ́n ń fi pọn ọmọ, tí wọ́n ń wọ̀ lọ sóko, tí kì í tètè gbó. Òwú ń fa òógùn mu, kì í gbóná tó awọ bí oòrùn bá pa á. Wọ́n ní kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ, nítorí pé ẹni tó rà á kò ní tètè ra òmíràn. Ó dáa náà, ẹni tó gbé mọ́tò kalẹ̀ tó báyìí láìra síìtì, irú aṣọ wo ló tún tọ́ sí i? Kí ẹ ra funfun tàbí aláwọ̀ òwú lásán; bó bá jẹ́ aláró lẹ fẹ́, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Kí ẹni tó máa rán an fi aṣọ líle míì tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó má baà fà lójú ìránṣọ.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ yín ní Èkó, àwọn tó fẹ́ràn mọ́tò àtijọ́, máa sọ: pé síìtì tó ní kíjìpá kì í ṣe ojúlówó, pé iye mọ́tò ti já wálẹ̀. Sochaux fúnra rẹ̀ ta kúpéè yìí pẹ̀lú aṣọ, ó sì tà á pẹ̀lú awọ. Ẹ̀yin náà ṣe méjèèjì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín, kó yọ kíjìpá kó fi ohun tó wù ú síbẹ̀. Férémù ojúlówó ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ju férémù nù ló ti ba ojúlówó jẹ́.

Ní báyìí, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún rèé. Ẹ tú irin tí síìtì fi ń sún síwá-sẹ́yìn kúrò, ẹ fi gíríìsì pa á, ẹ di férémù méjèèjì sínú àpò, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí oṣù yìí tó tán. Èmi ni n ó gbé wọn dé Ọ̀yọ́. Owó awọ àti fóòmù, ẹ̀yin. Owó ọkọ̀ àti ti kíjìpá, èmi. Ẹ pe ẹni tó gba àsansílẹ̀ Recaro lọ́wọ́ yín, ẹ ní kó dá owó padà, bó bá sì ní òun ti ná an, ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú.

Èmi ni àbúrò yín tó ń dúró de férémù.